Ojú-Ìwé Kẹsàn-án

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Bí àwọn olùdíje bá fẹ́ fi alùpùpù la aginjù kọjá láti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, èmi ni mo máa ń fi mọ́tò ṣíwájú wọn ní oṣù mélòó kan, tí n ó sì kọ gbogbo ọ̀nà náà sílẹ̀ pátá: ibi tí wọn yóò ti yà, ibi tí kòtò wà, ibi tí wọn yóò ti rí igi kan ṣoṣo tí kò léwé lórí. Ohun tí mo bá kọ ni wọ́n máa ń wò lórí eré. Ìyá Ìwé-Ọ̀nà ni wọ́n ń pè mí, mo sì fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an, kí n má purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà ní orúkọ tirẹ̀. Alábùjá ni wọ́n ń pè é, inú mi kì í sì í dùn sí i.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tó kópa nínú Ìdíje Ńlá, èyí tí wọ́n máa ń fi ọjọ́ méjìlá sá. Àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógún ni wọ́n jọ ń sá a. Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ̀gbọ́n mi tí kò tíì ṣe ipò kẹwàá rí ṣàdédé yọ lọ́ọ̀ọ́kán sí àgọ́ ìparí, òun nìkan, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn pariwo títí ohùn wọn fi há. Àfi ìgbà tí wọ́n gba káàdì rẹ̀ wò. Lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìdíje máa ń jókòó sí ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún lójú ọ̀nà, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí káàdì ẹni tó bá kọjá, kó lè hàn pé ó gba gbogbo ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Òǹtẹ̀ kẹta kò sí lára káàdì ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n bi í pé ibo ló gbà.

Ó ní, "Mo rí àbùjá, mo gbà á."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e láti ipò kìn-ín-ní lọ sí ipò tó kẹ́yìn, ẹgbẹ́ tó ń gun alùpùpù fún ní kó máa lọ sílé, orúkọ sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Òun máa ń jẹ́ ẹ. Bí àwọn tó ń lẹ táyà ní àdúgbò bá pè é ní Alábùjá, á dá wọn lóhùn, á tún bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi kọ́. Mo ti bá èèyàn mẹ́fà jà lórí orúkọ yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi nígbà náà. Kò fẹ́ mi mọ́.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ àwọn olùdíje fẹ́ tẹ ìwé jáde lórí bí Ìdíje Ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń wò. Alága wa ló ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ Ajé, ó pè mí sí ọ́fíìsì pé kí n bá òun ka ohun tí òun ti kọ, bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Mò ń kà á, mò ń gbádùn rẹ̀, títí mo fi kan gbólóhùn kan: "Ọdún yìí náà ni Alábùjá fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọnú ìtàn."

"Ẹ yọ èyí," mo ní.

"Kí n yọ ọ́ kẹ̀?" Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ibẹ̀ gan-an ló ń pa gbogbo èèyàn lẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Nígbà tí a wà léwe, kódà bí a bá ń ṣe eré bojúbojú, ńṣe ló máa ń di ojú rẹ̀ pinpin."

"Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, Ìyá Ìwé-Ọ̀nà. Ṣé kí n wá máa bá a jiyàn ni?" Ó wò mí, ó rí i pé ojú mi ti yí padà, ó sì rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ó dáa. Ní Ọjọ́bọ̀ ni ìwé yìí ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Bí o bá mú ẹ̀rí wá kó tó di ọjọ́ náà, màá yọ ọ́. Bí o ò bá mú nǹkan kan wá, ó ti wọ̀wé nìyẹn."

Mo kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu, èèyàn lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdílé olùdíje kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa fún ní ìwé yìí, ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń kàwé geere, gbogbo ohun tó bá rí ló ń kà, títí kan ara ike oògùn. Ó máa kà á. Á wá bi bàbá rẹ̀ àgbà pé kí ló ń jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ìtàn.

Láti ibẹ̀ mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Kò sí nílé, ìyàwó rẹ̀ ni mo bá.

"Ọkọ mi, ẹ kú ìrìn," ó ní. "Kí ló gbé yín wá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ báyìí, tójú yín sì pọ́n?"

Mo ní gbogbo ohun tó bá kù nínú ẹrù Ìdíje Ńlá ni mò ń wá. Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé agolo bisikíìtì ńlá kan jáde, ara rẹ̀ ti dógùn-ún.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ní kí n da èyí nù," ó ní. "Bí mo bá sì ti dà á nù, á tún lọ yọ ọ́ nínú ìdọ̀tí fúnra rẹ̀. Ẹ gbé e lọ, kí n sinmi."

Nínú agolo náà ni gbogbo ìwé ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi wà, ó ká wọn roboto, ó fi rọ́bà dè wọ́n, ó sì kọ iye ọjọ́ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táyà. Òórùn rọ́bà ti wọ inú ògiri ibẹ̀. Tábìlì gígùn kan wà lẹ́bàá fèrèsé, mo to gbogbo rẹ̀ sí i. Ìwé ọjọ́ kẹfà ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ojúmìító máa ń gbé mi lọ. Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ ọjọ́ kẹfà tí mo ti ń tú àwọn fáìlì àtijọ́ palẹ̀. Ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ ronú irú nǹkan báyìí? Nínú fọ́tò ọdún kìn-ín-ní, àwọn mọ́kànlélógójì ló tò sórí ìlà, ọ̀kan nínú wọn wọ bàtà tí wọ́n fi ń lọ sí ọ́fíìsì. Kọ́ńpáàsì ni wọ́n ní, àti ẹnu. Bí ọ̀nà bá dàrú mọ́ wọn lójú, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ darandaran, darandaran á nawọ́, wọ́n á sì gba ibẹ̀ lọ. Mẹ́rìnlá péré ló parí ìdíje náà, ọ̀kan nínú wọn parí rẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń kó tòmátì.

Lọ́dún kejì, wọ́n kọ ọ̀nà sórí ìwé, wọ́n dì í pọ̀, olúkúlùkù sì so tirẹ̀ mọ́ itan. Atẹ́gùn gba tàwọn kan lọ. Ó di ọdún kẹrin kí ẹnì kan tó wòye pé bí wọ́n bá lẹ ìdí ìwé kan mọ́ orí èkejì, tí gbogbo rẹ̀ gùn bí ọ̀já, wọ́n lè ká a sórí igi kéékèèké méjì nínú àpótí kan lórí ọwọ́ alùpùpù, kí wọ́n máa fi àtàǹpàkò yí i bí wọ́n ti ń lọ. Mo wá orúkọ ẹni náà títí, mi ò rí i. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀! Lóde òní, nǹkan pẹlẹbẹ tó ń tàn bíi fóònù ni wọ́n ń gbé sórí ọwọ́ alùpùpù, kò sẹ́ni tó ń lẹ nǹkan kan mọ́.

Láyé tiwa, lílẹ̀ ni. Èmi ni mo sì máa ń lẹ ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìdíje á pín ìwé ọ̀nà ti ọjọ́ kejì, nọ́ńbà á wà ní igun ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan. A ó tò ó, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, a ó wá kùn ún: pupa fún ewu, àwọ̀ ewé fún ibi ìyà, búlúù fún ibi òǹtẹ̀. Nígbà tó bá parí, ẹni tó lẹ̀ ẹ́ á fi àmì ara rẹ̀ sí ìdí ìwé náà, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò mú bí ó bá ní àléébù. Róbótó kékeré kan tó ní ẹyọ ojú kan nínú ni àmì tèmi.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ rí mi sójú. Ó ní ọmọbìnrin kò lè fara da ooru aginjù. Ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ba ìwé jẹ́, kó di ẹrù rẹ̀. Kò fi ṣeré. Ní ọjọ́ kẹta, ó lé ẹnì kan nítorí pé ó fi àwọ̀ ewé kun ibi tó yẹ kó fi pupa kùn. Èmi kò di ẹrù. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n lé ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n dúró, ọdún méje ni mo sì fi ṣiṣẹ́ fún wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun gbogbo tí mo mọ̀ lónìí.

Mo wá tú ti ọjọ́ kẹfà. Mò ń rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe ń kun nǹkan nígbà náà, mo fẹ́ràn pupa jù. Ìlà kọ̀ọ̀kan lórí ìwé ọ̀nà ní nọ́ńbà méjì. Èyí tó tóbi ni iye kìlómítà láti ibi tí wọ́n ti gbéra. Èyí tó kéré ni iye kìlómítà láti ìlà tó ṣáájú. Èèyàn kò lè fi irú iṣẹ́ tèmi jẹun kí ó má máa ro wọ́n pọ̀ bó ṣe ń kà wọ́n. Mo rìn dé ìlà kan: 187.40, máa lọ tààrà. Ìlà tó tẹ̀ lé e: 214.60, àpáta olórí méjì, máa lọ tààrà. Nọ́ńbà kékeré rẹ̀ sì jẹ́ 1.30.

Mo dúró. Láti 187 dé 214, báwo ló ṣe lè jẹ́ kìlómítà kan lé díẹ̀?

Mo wá àwọ̀ búlúù. Òǹtẹ̀ kìn-ín-ní wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ kejì wà níbẹ̀. Èyí tó kàn ni òǹtẹ̀ kẹrin. Mo wo igun ojú-ìwé: ìkẹjọ ni. Mo wo èyí tí mo lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀: ìkẹwàá. Mo fi ìka méjì mú ojú-ìwé kẹjọ, ó nípọn ju àwọn yòókù lọ. Mo gbé e sí fèrèsé kí oòrùn lè tàn án, mo sì rí búlúù kan tó ń yọ láti ẹ̀yìn.

Mo wá bíléèdì, mo rọra fi ń ya á. Gọ́ọ̀mù ti dà sílẹ̀, ojú-ìwé kẹsàn-án ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìkẹjọ pẹ́kípẹ́kí, etí bá etí mu, bí ẹni pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo tú ìwé náà dé ìdí rẹ̀. Róbótó kékeré kan wà níbẹ̀, ẹyọ ojú kan nínú rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín fáìlì. Ẹ̀gbọ́n mi kò gba àbùjá kankan. Èmi ni mo fi ọ̀nà pa mọ́ fún un. Ó sì ti mọ̀. Bí kò bá mọ̀, kí ló ń yọ nínú ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀mẹta? Ó mọ̀, ó sì gba orúkọ burúkú sọ́rùn kí wọ́n má bàa lé mi. Mo sunkún títí ẹni tó ń ta táyà nísàlẹ̀ fi gòkè wá béèrè bóyá wọ́n jí mi ní nǹkan.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìjókòó alùpùpù àti ti mọ́tò ló ń rán. Inú ibẹ̀ kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ, fóòmù kún ún dé òrùlé, ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá sì wà láàárín. Ó ń fi abẹ́rẹ́ di awọ mọ́ fóòmù, ó sì fi ẹnu mú mẹ́ta míì dání. Mo gbé ojú-ìwé náà ka iwájú rẹ̀. N kò kí i.

Ó wò ó. Ó yọ àwọn abẹ́rẹ́ náà lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ojú-ìwé kẹsàn-án," ó ní. "O wá yọ ọ́. Èmi ò yọ ọ́ rí, mo bẹ̀rù pé á ya."

"Ẹ mọ̀!"

"Mo mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo fọwọ́ kàn án."

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n!" Mo ti ń pariwo. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí tèmi! Èèyàn mẹ́fà ni mo ti bá jà!"

"Méje," ó ní. "O gbàgbé ẹni tó ń ta bátìrì."

Mo sọ gbólóhùn tí Alága kọ sínú ìwé fún un, mo sì ní ọ̀dọ̀ Alága ni mò ń lọ tààrà. Mo ní mo máa gbé ojú-ìwé náà lé e lọ́wọ́, á yọ gbólóhùn rádaràda yẹn, á sì kọ ọ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi, ẹ̀gbọ́n mi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

"Jókòó," ó ní.

"Mi ò jókòó."

"Àbúrò mi, jókòó."

Mo jókòó lórí fóòmù kan, ó sì rì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú mi, tí mo fi dà bí ọmọdé níwájú rẹ̀.

"Ìwọ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìwé-Ọ̀nà," ó ní, "jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Mítà mi ńkọ́?"

"Mítà wo?"

"Mítà tó wà lórí alùpùpù mi, tó ń ka kìlómítà. Ojú-ìwé kẹsàn-án yìí ní kí wọ́n yà sósì, kí wọ́n lọ lu òǹtẹ̀, kí wọ́n tó yí padà wá sójú ọ̀nà kan náà níbi àpáta. Èmi ò yà. Mo lọ tààrà, kò ju kìlómítà mẹ́fà lọ. Nígbà tí mo dé ibi àpáta, kí ni mítà mi ń kà?"

Mo ṣírò rẹ̀. "193."

"Kí ni ìwé rẹ ń sọ?"

"214," mo ní, ohùn mi sì wọlẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó dí mi lójú láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bóyá ẹkún ni. Bí olùdíje kan bá wá bá mi lónìí pé ìwé àti mítà òun fi kìlómítà ogún lé jìn síra, tí òun sì ń lọ bẹ́ẹ̀, màá pè é lólè lójú ara rẹ̀.

"Mo dúró," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mo pa ẹ́ńjìnì. Mo wo ìwé, mo wo mítà. Mo mọ̀ pé mo ti fo nǹkan kan lẹ́yìn, bí mo bá sì padà lọ wá a, kò lè gbà mí ju wákàtí kan lọ. Ilẹ̀ olókùúta ni ibi tí àwọn yòókù ti yà, mi ò rí ojú táyà wọn níbẹ̀. Àmọ́ níbi àpáta yẹn ni iyanrìn ti tún bẹ̀rẹ̀. Mo wo iyanrìn náà. Kò sí nǹkan kan lójú ẹ̀."

"Kò sí kí ni?"

"Kò sí ojú táyà. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń jẹ eruku àwọn ẹlòmíì. Mi ò mọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó wà níwájú. Ó ń ṣe mí bíi kí n mọ̀ ọ́n. Mo ní kí n lọ kìlómítà kan péré, kí n wò ó, kí n tó padà. Ó di méjì. Ó di márùn-ún. Ó rẹwà, àbúrò mi. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi gùn ún, mi ò tíì rí ohun tó rẹwà tó o látìgbà náà. Ìgbà tí n ó fi gbójú sókè, mo ti ń wo àgọ́ ìparí."

Ó mú ojú-ìwé náà, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa.

"Gọ́ọ̀mù jẹ́ tìrẹ. Àìpadà jẹ́ tèmi. Ká ní mo sọ ti gọ́ọ̀mù fún wọn lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá lé ọ, wọn ì bá sì máa bá mi kẹ́dùn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa gba 'ẹ kú ìyà' tí kò tọ́ sí mi?"

Inú bí mi sí i, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àná lọ, méjèèjì pa pọ̀. Mo ti fi ìdajì ayé mi gbèjà òtítọ́ tí kò rí bí mo ṣe rò. Mo ní, "Ọmọ-ọmọ yín á kà á."

"Kó kà á. Àmọ́ kó ka gbogbo ẹ̀. Àwàdà Alága kò tíì kún, ìdajì ló gbọ́. Ìwọ kọ ọ́. Fi Alábùjá sílẹ̀ níbẹ̀, ó ti mọ́ mi lára."

Ó fún mi ní bírò tó fi ń sàmì sára awọ. Ọwọ́ mi lọ́ra nígbà tí mo dé ibi tó kàn mí. Àwọn tó ń fi ẹ̀mí ara wọn tẹ̀ lé ìwé mi nínú aginjù ló máa ka èyí. Mo kọ ọ́ bó ṣe wà, mo sì kà á sí i létí:

"Ní ọjọ́ kẹfà, ojú-ìwé kẹsàn-án lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìkẹjọ. Èmi, àbúrò rẹ̀, tí ẹ ń pè ní Ìyá Ìwé-Ọ̀nà, ni mo lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, Alábùjá kò mọ ibi òǹtẹ̀ kẹta, ó sì ṣìnà. Nígbà tó dé ibi àpáta olórí méjì, ó rí i pé mítà òun kò bá ìwé mu, ṣùgbọ́n kò padà."

Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó mi orí.

"Ó dáa. Àmọ́ pa 'ṣìnà' rẹ́."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ ò ṣìnà ni?"

"Mi ò ṣìnà. Ní gbogbo ogójì ìṣẹ́jú yẹn, mo mọ ibi tí mo wà."

"Ibo lẹ wà?"

Ó ti mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ti ń wá ojú awọ tí yóò gún un sí. Kò wo ojú mi.

"Iwájú," ó ní.

Mo pa 'ó sì ṣìnà' rẹ́, mo sì kọ ọ́ pé ó wà níwájú.